Bí ẹ ṣe lè fi ìrọ̀lẹ́ kan wo Ifẹ̀ láti orí òkè

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá ṣeré ní Ifẹ̀, ọ̀sán gangan ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n á lọ ààfin, wọ́n á lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, wọ́n á ya fọ́tò níwájú ère Mọrèmi, oòrùn á ti pa wọ́n débi pé tó bá fi máa di aago mẹ́rin wọ́n ti wà nínú mọ́tò tó ń lọ Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn ti rí Ifẹ̀. Ó dáa o. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ń wọ mọ́tò yẹn gan-an ni Ifẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ún wò. Ìlú yìí jókòó sínú kòtò bí ẹ̀kọ gbígbóná ṣe ń jókòó sínú igbá, òkè ló ṣe etí igbá yẹn yí po, àwọn àgbà tiẹ̀ máa ń sọ pé òkè méje ló yí wa ká. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ò lè mọ̀. Àfi kí èèyàn gòkè, kó sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí páànù gbogbo ìlú bá ń pọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ẹ ṣe máa ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo: láti Ẹnuwá níwájú ààfin sí Òkè Ìtasẹ̀, láti ibẹ̀ sí orí àpáta ní Great Ifẹ̀, ìyẹn kámpọ́ọ̀sì yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ̀kalẹ̀ padà wá jẹun láì fẹsẹ̀ ṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló le níbẹ̀, àkókò ni. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣírò ètò yìí bọ̀: ẹ kọ́kọ́ mọ aago tí oòrùn máa wọ̀, kẹ́ ẹ wá máa kà á padà títí tẹ́ ẹ fi máa dé aago tẹ́ ẹ máa jáde nílé. Ẹni tó bá ń kà á láti ìgbà tó jáde nílé, òkùnkùn ló máa bá a lórí àpáta, ilẹ̀ tó ṣú ò sì mọ ẹni ọ̀wọ̀.

Ẹ mú ọjọ́ tó dáa

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ṣe é lọ. Láti nǹkan bí December sí February, ọyẹ́ máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ẹ lè làágùn dé òkè kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan ju funfun lọ, oòrùn á kàn pọ́n, á sì wọnú eruku lọ kó tó dé ilẹ̀ rárá. Àwọn tó ń ya fọ́tò fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ìlú ni mo wá wò.

Ìgbà òjò ńkọ́? Afẹ́fẹ́ máa ń mọ́ gaara lẹ́yìn òjò, ojú yín á ríran jìnnà, ṣùgbọ́n àpáta á ti tutù, àpáta tó tutù ò sì mọ bàtà olówó ńlá. Tí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kódà kó jẹ́ àárọ̀ kùtù, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ àpáta, ẹ ṣe ti Òkè Ìtasẹ̀ kẹ́ ẹ sì rìn kiri nínú kámpọ́ọ̀sì nísàlẹ̀. Lójú tèmi, láti ìparí October wọ November ló dáa jù: òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ ò tíì dé, igbó ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Ẹ wo òṣùpá náà. Lọ́jọ́ tí òṣùpá bá kún, bí oòrùn bá ṣe ń wọ̀ lápá Ìbàdàn ni òṣùpá á máa yọ lápá Iléṣà, ẹ̀yin á sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tó máa kún, ẹ ò nílò áàpù kankan, ẹ bi Mùsùlùmí tó wà ládùúgbò yín pé oṣù ti di mélòó, torí pé òṣùpá ni wọ́n fi ń ka oṣù tiwọn, tó bá ti wà láàárín ọjọ́ kẹtàlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ múra. Lẹ́yìn ìyẹn, ojoojúmọ́ ló ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i kó tó yọ, nítorí náà tẹ́ ẹ bá lọ ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó kún, ẹ máa ti sọ̀kalẹ̀ tán nínú òkùnkùn kó tó yọjú. Àǹfààní ẹ̀ kì í ṣe ẹwà nìkan, òun ló máa ṣe iná fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.

Ẹ tún bèèrè bóyá ọdún wà nílùú. Ifẹ̀ lẹ wà yìí, wọ́n ní ọjọ́ kan péré nínú ọdún ni wọn kì í ṣọdún níbẹ̀. Lásìkò Ọlọ́jọ́, tó sábà máa ń bọ́ sí September tàbí October, Ọọ̀ni á dé adé Aàrẹ lọ sí Òkè Mògún, Ẹnuwá á sì kún dẹ́múdẹ́mú. Ó yẹ kéèyàn lọ wò ó o, ṣùgbọ́n ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ òkè gígùn, ẹ ò ní rí kẹ̀kẹ́ gbé yín. Tí wọ́n bá sì sọ fún yín pé orò máa jáde lálẹ́ ọjọ́ báyìí báyìí, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú ọjọ́ mìíràn, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ọ̀rọ̀ aago

Oòrùn kì í wọ̀ ní aago kan náà yípo ọdún bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Ní Ifẹ̀, láàárín November, á ti wọ̀ ní nǹkan bí 6:20. Ní ìparí December, nǹkan bí 6:35. Láti February dé March á máa sún mọ́ 6:55, July ló máa ń pẹ́ jù, ó lè tó aago méje géérégé. Ìyàtọ̀ ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn, ogójì ìṣẹ́jú yẹn náà sì tó fi gun òkè tán. Fóònù yín máa sọ ti ọjọ́ yẹn gan-an tẹ́ ẹ bá wo ibi tó ti ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí.

Ẹ wá máa kà á padà. Ká sọ pé November ni, 6:20. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti jókòó lókè ní 5:50, torí pé ìdajì wákàtí tó ṣáájú wíwọ̀ oòrùn ló dùn jù, òun gan-an lẹ bá lọ. Kẹ́ ẹ tó lè jókòó ní 5:50, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní 5:10, ẹ sì ti wà ní géètì kámpọ́ọ̀sì ní 4:30, torí pé wọ́n lè dá yín dúró bi yín ní ìbéèrè, ẹ̀yin náà á sì tún ra omi. Ìyẹn ni pé ẹ kúrò ní Òkè Ìtasẹ̀ ní aago mẹ́rin, ẹ débẹ̀ ní aago mẹ́ta, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnuwá ní nǹkan bí 1:45. Tó bá jẹ́ July, ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú kún gbogbo ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ṣé ìrìn àjò ọ̀sán náà ló tún padà dà yìí. Ẹ fara balẹ̀, Ẹnuwá lẹ máa fi pa ọ̀sán, òkè lẹ máa fi ṣe ìrọ̀lẹ́.

Ìdí tí mo fi ń pariwo aago ni pé ilẹ̀ wa kì í fi àsìkò ṣòfò kó tó ṣú. Itòsí ìlà agbedeméjì ayé la wà, oòrùn máa ń já lọ sílẹ̀ ṣánṣán ni, kì í fẹ̀gbẹ́ yọ́ lọ. Tó bá ti wọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó kù ò ju nǹkan bí ogún sí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n lọ, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ò ní rí ibi tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ń ti London bọ̀ fún ọlidé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí, ní ọ̀dọ̀ yín lóṣù June oòrùn á wọ̀, ẹ ṣì lè fi ogójì ìṣẹ́jú ka ìwé ìròyìn níta, ẹ wá gbé ìyẹn wá sórí òkè Ifẹ̀, ẹ ní ilẹ̀ ò tíì ṣú, ẹ jẹ́ ká ya ọ̀kan sí i. Ẹ ya á nílé.

Ta lẹ máa bá lọ, kí lẹ máa gbé

Ẹ má dá lọ. Mẹ́rin sí mẹ́fà ló dáa, tẹ́ ẹ bá ti ju mẹ́wàá lọ ariwo á pọ̀, ẹni kan á máa dúró de ẹni kan, oòrùn á wọ̀ mọ́ yín lójú ọ̀nà. Kí ọ̀kan nínú yín jẹ́ ẹni tó ti gun òkè yẹn rí, akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n jù, ẹ wá ẹni gidi, ẹ fún un ní owó transport àti oúnjẹ alẹ́, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn ní "àbúrò, máa bọ̀". Ẹ sọ fún ẹnì kan tó wà nílé pé ibi báyìí lẹ wà, aago báyìí lẹ máa pè é, tẹ́ ẹ ò bá pè kó pe yín.

Ẹrù ò pọ̀. Omi, lítà kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi pure water méjì tan ara yín jẹ. Tọ́ọ̀ṣì gidi, kì í ṣe ti fóònù nìkan, torí pé fóònù yẹn náà lẹ máa fi ya fọ́tò, tẹ́ ẹ máa fi pe kẹ̀kẹ́, bátìrì á sì ti kú nígbà tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀ jù. Bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní eyín, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe slippers, kì í ṣe bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣòkòtò gígùn, nítorí yèrèpè. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń dé, èso ẹ̀ á ti gbẹ, irun ara ẹ̀ á máa fò nínú atẹ́gùn, tó bá kàn yín lẹ́sẹ̀ ẹ ò ní rántí oòrùn kankan mọ́, yíyún lẹ máa máa yún dé ilé. Ọ̀pá kan fún ẹni tó bá wà níwájú. Oògùn ẹ̀fọn tẹ́ ẹ máa fi pa ara ní nǹkan bí aago mẹ́fà. Àti ọ̀rá kan tẹ́ ẹ máa kó ìdọ̀tí yín sí padà wálé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnuwá

Ibí yìí ò ní gbà yín lásìkò. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ dé Ẹnuwá, iwájú ààfin nìyẹn. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀, ẹ wọ ibẹ̀ lọ ní tààrà kí wọ́n tó máa ti ilẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí àwọn orí idẹ wà, ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ ààfin yìí náà, ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, ni wọ́n ti hú wọn jáde ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Wọn ò wá a o, ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ẹ wo ojú àwọn orí yẹn dáadáa, ìlà tó wà lójú ọ̀kan kò sí lójú èkejì, ẹ lè máa rò pé èèyàn gidi ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Tí àsìkò bá wà, ère Mọrèmi wà lágbègbè ààfin, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹnitàn Ògúnwùsì ló ṣí i ní 2016, gíga ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn náà ò jìnnà, òkúta ni, ó ga tó nǹkan bí mítà márùn-ún ààbọ̀, wọ́n sì kan ìṣó irin mọ́ ọn lára. Èmi á ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tó ń ba ìrọ̀lẹ́ òkè jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn, wọ́n á fẹ́ rí gbogbo nǹkan tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n tó gòkè.

Òkè Ìtasẹ̀

Ẹ sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé Òkè Ìtasẹ̀ lẹ̀ ń lọ, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Tẹ́ńpìlì Ifá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ibùjókòó Àràbà, olórí àwọn babaláwo, ibẹ̀ náà sì ni ayé ń rọ́ wá lóṣù June fún ọdún Ifá, ẹ máa rí ará Brazil, ará Cuba, ará Amẹ́ríkà nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń ki odù lọ ràìràì, tí ọmọ Ifẹ̀ mìíràn á sì la ẹnu sílẹ̀ máa wò wọ́n. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára ọgbọ́n àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Odù mẹ́rìndínlógún ló jẹ́ olórí, tí wọ́n bá fi ara wọn pọ̀ wọ́n á di igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ẹsẹ Ifá tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì ní iye. Ẹni tó bá ti gbọ́ bàbá kan tó ń kì í láìwo ìwé, á mọ̀ pé kékeré kọ́ ni ohun tí wọ́n gbé sórí.

Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ibi ìjọsìn ni, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ẹ ṣe é báyìí:

Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kí ẹni tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ babaláwo, "Àbọrú, àbọyè" ni ìkíni wọn, ẹ ò ní láti jẹ́ ẹlẹ́sìn Ifá kẹ́ ẹ tó lè kí èèyàn bó ṣe yẹ. Ọkùnrin tó bá jẹ́ ọmọdé kó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, obìnrin kó kúnlẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá la wà.

Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlú la fẹ́ wò láti ibí, ṣé ẹ lè fún wa láyè?" Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ mú nǹkan díẹ̀ wá, ẹ fi í sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tó bá ju agbára yín lọ ẹ sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ ń lọ nínú ilé lónìí, ẹ dúpẹ́, ẹ yí padà.

Ẹ bèèrè ibi tẹ́ ẹ ti máa bọ́ bàtà àti ibi tí fọ́tò ti gbà. Ẹ bèèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé a lè gbà yín láyè láti ya ìta kí wọ́n má gbà yín láyè láti ya inú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ live kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá yíjú sí ìlú. Ibí yìí sún mọ́ ìsàlẹ̀ ju àpáta kámpọ́ọ̀sì lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fi ṣáájú: ẹ̀ ń rí àwọn ilé, ẹ̀ ń gbọ́ ìró ìlú, ọmọdé tó ń kígbe, ẹni tó ń gún iyán, oníkáséètì tó ń lu fújì lójú títì. Òrùlé àtijọ́ tó ti pọ́n rúsúrúsú kún inú ìlú, tuntun aláwọ̀ búlúù àti ewéko ló yí wọn ká létí. Ẹ fi ojú tọ ọ̀nà láti ààfin jáde, ẹ máa rí bí ìlú ṣe ń fẹ̀ sí i. Ìdajì wákàtí tó fún ìyẹn.

Láti ibẹ̀ sí Great Ifẹ̀

Ẹ gba Lagere, ẹ gba Mayfair, ẹ dé géètì. Tẹ́ ẹ bá pọ̀ tó mẹ́ta, ẹ ṣátà kẹ̀kẹ́, ẹ sì dúnàá dúrà kẹ́ ẹ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti jókòó. Lọ́jọ́ Friday ìrọ̀lẹ́, Mayfair lè há gádígádí, ẹ fi ogún ìṣẹ́jú lé aago yín.

Ní géètì, ẹ má parọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín. Ẹ sọ pé àlejò ni yín, ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn sìkiọ́rítì bóyá gígun òkè gbà lọ́jọ́ yẹn, torí pé ilẹ̀ yunifásítì ni òkè yẹn, tí wọ́n bá sọ pé kò gbà, kò gbà náà nìyẹn. Tí wọ́n bá ní ó gbà, ẹ fi nọ́ńbà ẹnì kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ lè wo àwọn ilé bẹ́ ẹ bá ṣe ń wọlé. Ìbàdàn ni yunifásítì yìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, ọdún 1967 ló kó wá sórí ilẹ̀ yìí, 1987 ni wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Arieh Sharon, ará Israel tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ló ya ètò ilé ẹ̀. Ẹ wo ilé Humanities, àjà òkè yọ síta ju tìsàlẹ̀ lọ, ẹ lè rò pé ó fẹ́ ṣubú, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni, àjà òkè ló ń ṣíji bo tìsàlẹ̀, oòrùn ò wọlé, òjò ò wọlé, atẹ́gùn á máa fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀. Wọ́n kọ́ ọ nígbà tí kò sí ẹni tó ń ronú AC. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ ilé onígíláàsì sójú oòrùn báyìí lọ wò ó.

Gígùn ún

Àpáta ńlá ni òkè yìí, granite àti àwọn ẹbí ẹ̀, igbó ló bo ẹsẹ̀ ẹ̀, orí ẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Apá méjì ni gígùn ún.

Nínú igbó, ẹni tó mọ ọ̀nà á wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá, á máa fi gbá koríko. Ẹ máa rìn lẹ́yìn ara yín, ẹ má sáré, ẹni tó bá sáré níbẹ̀rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jókòó. Ẹ máa wo ẹ̀yìn yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú yín mọ bí ọ̀nà ṣe rí láti òkè, torí pé ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà lọ kì í jọ ara ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, ẹ so ọ̀rá pupa mọ́ igi, kẹ́ ẹ sì tú u tẹ́ ẹ bá ń padà.

Tẹ́ ẹ bá dé orí àpáta gan-an, ẹ má dojú kọ ọ́ gùn ní tààrà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ gùn ún, ẹ lọ sí ọ̀tún díẹ̀, ẹ lọ sí òsì díẹ̀. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá dúdú tàbí tó ní ewédò lára, ẹ yà fún un, ibẹ̀ ni omi máa ń gbà, ó lè gbẹ lójú kó má gbẹ lábẹ́. Ẹ má ki ọwọ́ sínú ihò òkúta láti fi gbé ara yín sókè. Àpáta máa ń mú ooru ọ̀sán dání di alẹ́, ejò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà ń wá ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sùn. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ kó gbọ́, á kúrò lọ́nà fún yín.

Ẹ fi aago kan sọ́kàn tẹ́ ẹ máa fi yí padà. Tó bá di aago mẹ́fà lóṣù November tẹ́ ẹ ò tíì dé òkè, ẹ dúró níbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ wo oòrùn níbẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀. Èyí ló máa ń le fún àwọn ọkùnrin, wọ́n á ní "ó kù díẹ̀." Ó kù díẹ̀ lóòótọ́, òkùnkùn náà kù díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀

Ẹ mu omi, ẹ jókòó, ẹ má sún mọ́ etí. Ìwọ̀ oòrùn lápá Ìbàdàn lẹ máa kọ́kọ́ wò. Kámpọ́ọ̀sì wà nísàlẹ̀ yín nínú igi, ìlú wà lókèèrè. Ẹ yíjú sí ìlà oòrùn, apá ibẹ̀ ni Òkè Ọ̀rà wà, ibi tí ìtàn ní Odùduwà ti sọ̀ wá sínú Ifẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá àwọn tó ń gbàdúrà lókè, ẹ kí wọn jẹ́jẹ́, ẹ lọ jókòó síbòmíràn, ẹ má ya fídíò wọn.

Fún fọ́tò: ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù yín, òógùn ọwọ́ á ti wà lára ẹ̀. Ẹ tẹ ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ lórí sikirínì, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ á jáde. Ẹ má súnmọ́ ọn pẹ̀lú zoom, ó máa fọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya èèyàn, ẹ jẹ́ kó dojú kọ oòrùn, kí ẹ̀yin kọ ẹ̀yìn sí i, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúdú. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń lọ, ẹ gbé fóònù lé orí òkúta, kì í ṣe ọwọ́.

Ní ti iná ìlú, mi ò lè ṣe ìlérí fún yín, ọwọ́ NEPA ló wà. Tí wọ́n bá mú un wá, Ifẹ̀ á tàn láti Mọdákẹ́kẹ́ títí dé òdìkejì. Tí wọ́n ò bá mú un wá, iná mọ́tò tó ń tọ ọ̀nà Ìbàdàn lẹ máa rí, àti jẹnẹrétọ̀ níbí lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ á pọ̀ sí i, ó sì láwọn oṣù tí àgùàlà máa ń dá tàn ṣáájú gbogbo wọn lápá ibi tí oòrùn wọ̀ sí.

Ẹ sọ̀kalẹ̀

Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ẹ dìde. Sísọ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe ju gígùn lọ, orúnkún ti rẹ̀, ọkàn ti wà lórí oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó kù fi yín sọ̀ kúrò lórí àpáta, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì rìn nínú igbó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kó tó ṣú pátápátá, ẹni iwájú kan, ẹni ẹ̀yìn kan, ẹni tó mọ ọ̀nà ò gbọ́dọ̀ fi yín sílẹ̀ sáré lọ. Níbi tó bá dà gẹ̀rẹ́ jù, ẹ jókòó, ẹ fi ìdí wọ́, kò sí ẹni tó ń wò yín. Tẹ́ ẹ bá dé títì, ẹ ka ara yín, ẹ sọ fún sìkiọ́rítì pé ẹ ti dé, ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ sọ fún nílé.

Oúnjẹ ò le. Nínú kámpọ́ọ̀sì, ẹ bèèrè New Buka. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde, Lagere máa ń jí dáadáa lálẹ́, àkàrà gbígbóná, dùndún, súyà, àgbàdo sísun tó bá jẹ́ àsìkò ẹ̀. Ìjẹ̀ṣà tó bá wà láàárín yín á ní òun ò jẹ nǹkan kan tí kì í ṣe iyán, ẹ bá a wá a.

Àwọn tí kì í ṣe tìrọ̀lẹ́

Àwọn èèyàn máa ń bèèrè bóyá wọ́n lè fi Òkè Ọ̀rà kún un. Rárá, ẹ̀yìn ìlú ni, ẹ lọ láàárọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ní àṣẹ ibẹ̀. Ìsun omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà náà, ìpele méje ni, òkúta ẹ̀ tutù tọ̀sán tòru, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ń wá wàhálà. Ẹ̀yin tí orúnkún yín ò gba àpáta mọ́, bàbá àti ìyá wa, Ìbàdàn ní tiyín: ilé ìṣọ́ Bower wà lórí Òkè Aàrẹ, 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́ta ni, àtẹ̀gùn mẹ́tàdínláàádọ́ta péré lẹ máa gùn nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ fi máa rí gbogbo ìlú.

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ọ̀nà yín ò jìn, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé bọ́ọ̀sì alẹ́. Ẹ gbé mọ́tò tiyín wá, tàbí kẹ́ ẹ bá dẹ́rẹ́bà kan sọ ọ́ láti àárọ̀ pé ó máa dúró dè yín títí di aago mẹ́jọ, ẹ san ìdajì owó fún un, kẹ́ ẹ mú ìdajì tó kù dání di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ilé.